Ọba Toffa àti ààfin Honmè

Ẹni tó bá ń gbèrò láti Ifangni lọ wo ààfin Honmè ní Àjàṣẹ́, èyí tí a ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i. Kí ó sì mọ ìtàn Toffa kí ó tó wọlé. Láìmọ ìtàn ọba yìí, ògiri amọ̀ àti àgbàlá lásán ni àlejò yóò rí.

Ọmọ Ọba Sodji ni Toffa. Ní ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó yin àgbá sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀rù ba Sodji, ó sì fi ìlú sábẹ́ ààbò Faransé ní 1863. Nígbà tí ó kú, àdéhùn náà kò pẹ́ tí ó fi tú ká.

Toffa gorí ìtẹ́ ní 1874. Ìtẹ́ ẹlẹ́gùn-ún ni. Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, Dàhòmì ń bọ̀ láti òkè, àwọn ìdílé ọba yòókù sì ń wo ìtẹ́ náà. Toffa tún ké sí Faransé. Títí di òní, àwọn kan ń dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rẹ́ tí kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ní 1889, ọmọ ogun Dàhòmì ya wọ ilẹ̀ Àjàṣẹ́. Wọ́n jó abúlé, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 1890, ogun Béhanzin dé Atchoukpa, nítòsí ìlú gan-an. Àwọn jagunjagun Toffa àti àwọn ọmọ ogun Faransé pàdé wọn níbẹ̀. Ìjà náà le, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ kò bọ́ sọ́wọ́ Dàhòmì.

Ní 1892, Ọ̀gágun Dodds wọ Àgbómẹ̀. Béhanzin fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní 1894, wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique, ní òdìkejì òkun. Toffa ní tirẹ̀ kò kúrò ní ààfin rẹ̀. Síbẹ̀, gómìnà Faransé ló wá ń pàṣẹ ní ìlú, agbára ọba sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Toffa wàjà ní 1908. Adjiki ọmọ rẹ̀ jókòó sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Faransé kò pè é ní ọba mọ́. Olóyè àgbà ni wọ́n ń pè é.