Charles Steinmetz àti Iná tí ń Lọ tí ń Bọ̀

Ní ọdún 1865, a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Breslau. Lónìí, Wrocław ni wọ́n ń pe ìlú náà, ó sì wà ní ilẹ̀ Pólàǹdì. Karl Steinmetz ni orúkọ ọmọ náà. Abuké ni, bàbá rẹ̀ náà sì jẹ́ abuké. Karl kò ga, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Ó fẹ́ràn ìṣirò púpọ̀.

Nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó wọ ẹgbẹ́ kan tí ń jà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba kò fẹ́ ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1888, Karl sá lọ sí ilẹ̀ Súwísì kí wọ́n má baà mú un.

Ní ọdún kejì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dé New York, àwọn aṣọ́bodè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Karl kò lówó lọ́wọ́. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Wọ́n fẹ́ dá a padà! Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún un, wọ́n sì jẹ́ kí ó wọlé.

Níbẹ̀ ni ó ti sọ ara rẹ̀ ní Charles. Ó rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Ẹ wo ọmọ tí ó jókòó sórí jangírọ́fà. Bí a bá tì í, á lọ, á sì tún bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iná inú wáyà ilé wa ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Agbára kan ni ó ń tì í.

Iná yìí máa ń pàdé ohun mẹ́ta lójú ọ̀nà. Èkínní ń dí i lọ́wọ́, ó sì ń gbóná. Èkejì ni wáyà tí a ká bí òwú. Èyí ń mú kí iná pẹ́ lẹ́yìn agbára tí ń tì í. Ẹ̀kẹta ni irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n kọjú síra, tí wọn kò sì kanra. Èyí ń mú kí iná ṣáájú agbára náà.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà pọ̀, ìṣirò wọn a máa gùn, a sì máa le. Ní ọdún 1893, ní ìlú Chicago, Charles fi ọ̀nà kúkúrú kan han àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ṣì ń lò títí di òní.

Charles kò gbé ìyàwó. Ó gba Joseph Hayden, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ṣe ọmọ. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé ní Schenectady, àwọn ọmọ Joseph sì ń fi Charles ṣe bàbá àgbà. Ó kú ní ọdún 1923.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó mọ ohun tí ń bẹ nínú orí rẹ̀.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ni ìdí tí àwọn aṣọ́bodè fi fẹ́ dá Karl padà?
2. Ta ni ó ràn án lọ́wọ́?
3. Ohun mẹ́ta wo ni iná ń pàdé lójú ọ̀nà?