Samuel Àjàyí Crowther àti Gbólóhùn Tí Kò Dárúkọ Olùṣe

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ Samuel Àjàyí Crowther gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu kàn ni pé ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dojú kọ ìṣòro kan tí gbogbo ẹni tí ń kọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń bá pàdé. Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìwé gíga fẹ́ràn gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: It must be understood that. Ọ̀rọ̀ dandan wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí a ní láti ṣe wà níbẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn that, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kò ní ìrísí kankan tí a fi ń fi olùṣe pamọ́ lọ́nà yìí. Ọ̀nà wo ni a ó wá gbà sọ ọ́?

Ìlú Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni a bí Àjàyí sí ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n sì mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ mìíràn lẹ́rú. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á sínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan dá ọkọ̀ náà dúró, ó sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró.

Ní ọdún 1837, Crowther kọ ìtàn ìkólẹ́rú yìí sínú lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lè fi ara rẹ̀ ṣe olùwà gbólóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe ohunkóhun, àfi ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe sí i. Yorùbá kò gba èyí. Wọ́n mú un, wọ́n tà á, a fi í pààrọ̀ ẹṣin: nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan dúró níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, yálà a mọ orúkọ rẹ̀ tàbí a kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìyà jẹ wà ní ipò àbọ̀. Mo rò pé ọkùnrin tí ó ti la èyí kọjá kò nílò olùkọ́ kankan láti fi ìyàtọ̀ náà hàn án.

Ní Sàró ni ó ti kọ́ ìwé. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó lọ sí ilé ìwé ní Islington ní ọdún 1826 fún ìgbà díẹ̀, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Ní ọdún 1841 ó bá ìrìn àjò odò Ọya lọ pẹ̀lú J. F. Schön, ẹni tí òun pẹ̀lú jẹ́ onímọ̀ èdè. Ọdún 1843 ni wọ́n fi joyè àlùfáà ní London, ọdún náà gan-an sì ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n.

Ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò jáde ní ọdún 1852, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú láti ọwọ́ O. E. Vidal, bíṣọ́ọ̀bù Sàró nígbà náà. Crowther fi òwe púpọ̀ ṣe àpẹẹrẹ ìlò ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Ẹ wo iye òwe Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a kì í. Ta ni a yìí? Kì í ṣe èmi àti ìwọ. Ẹnikẹ́ni ni, àwùjọ ni. Kí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan tó dé etí ọ̀run wa, àwọn àgbà ti ní gbólóhùn àṣẹ tí kò dárúkọ olùṣe.

Nínú ìtumọ̀ Bíbélì ni wàhálà náà ti hàn jù. Crowther bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Róòmù, tí ó jáde ní ọdún 1850. Àwọn ẹlòmíràn, bíi Thomas King, bá a ṣiṣẹ́, Bíbélì odindi sì jáde ní ọdún 1884. Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 tí wọ́n ní lọ́wọ́ kún fún iṣẹ́ tí kò ní olùṣe. A ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n a tún dúró fún èmi pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, nítorí náà àwọn olùtumọ̀ máa ń fẹ́ràn àwa níbi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó dájú pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ni. Bí olùṣe bá sì wà tí a fẹ́ dárúkọ, a kò lè bá a dúró lójú kan. Láti ọwọ́ tàbí láti ẹnu ni wọ́n fi mú un wọlé. Láti ọwọ́ yìí ló wá jókòó sí ojú ewé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé wa báyìí, tí a ń fi orúkọ òǹkọ̀wé tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ dandan le ju èyí lọ. Lónìí a ń kọ a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láìronú. Nínú Bíbélì yẹn, inú òfin àti èèwọ̀ ni gbọdọ̀ ti wọ́pọ̀ jù, lẹ́yìn kò. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ní must pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò ní olùṣe, wọ́n lè lọ gba ọ̀nà ìyísódì méjì: a kò lè ṣe aláì-, kí ọ̀rọ̀-ìṣe sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá sọ pé a kò lè ṣe aláìmọ̀ pé òjò ń bọ̀ ti sọ dandan, kò sì dárúkọ ẹni tí ó ní láti mọ̀. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni.

That náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wa. Bí ohun tí ń bọ̀ bá jẹ́ òtítọ́ tàbí ìròyìn, pé ni: a lè sọ pé ọba ti dé. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀, kí ni: a gbọ́dọ̀ ṣètò kí ọba wá. Gẹ̀ẹ́sì fi it sí iwájú láti di àyè mú fún ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn that. Yorùbá ní irú rẹ̀ nínú ó yẹ kí, ṣùgbọ́n nínú a ní láti kíyè sí i pé, i kékeré tí ó tẹ̀ lé sí ni ó ń di àyè náà mú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkíyèsí pé kàn wọ aṣọ Yorùbá fún Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi kò ka ó di mímọ̀ pé mọ́ èyí, nítorí ó ti fìdí múlẹ̀ nínú ìkéde.

Crowther kò fi iṣẹ́ mọ sí Yorùbá. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Ìgbò jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní ọdún 1857, gírámà Núpé sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1864. Ní ọdún 1864 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ló rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọdún 1875 ó ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá.

Venn kú ní ọdún 1873, ìwà àwọn aláṣẹ London sí àwọn òjíṣẹ́ aláwọ̀ dúdú sì yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní Oníṣà, ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí iṣẹ́ ìhìnrere odò Ọya. Bí a bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì, a lè sọ pé ìpinnu wáyé, a dá àwọn òjíṣẹ́ dúró, kí ó sì parí síbẹ̀. Èdè tí Crowther fi ayé rẹ̀ kọ sílẹ̀ yóò béèrè ẹni tí a jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì ni. F. N. Eden, akọ̀wé wọn, sọ pé òun dá àwọn òjíṣẹ́ kan dúró, títí kan ọmọ bíṣọ́ọ̀bù náà, Dandeson Crowther tí ó jẹ́ áàṣìdíákónì. Arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún náà béèrè irú àṣẹ tí akọ̀wé fi lè dá àlùfáà dúró lójú bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ìjọ agbègbè Delta ya ara wọn sọ́tọ̀ lábẹ́ Dandeson, wọ́n sì ń bọ́ ara wọn fúnra wọn.