Fourier, Ọmọ Aránṣọ Tó Rí Ìgbì Nínú Ìgbì

Ọdún kẹta ni mo wà ní ẹ̀ka wa nígbà tí wọ́n ní kí n sọ ìgbì onígun mẹ́rin tí microcontroller ń tú jáde di ìgbì sine. Mo so rẹ̀sísítọ̀ kan mọ́ kàpásítọ̀ kan, mo sì wò ó lójú oscilloscope. Dípò sine, nǹkan bí lẹ́bẹ́ ẹja ni mo rí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí n fi iṣẹ́ náà hàn. Ìtàn Joseph Fourier tí mo kà lálẹ́ ọjọ́ náà ló yọ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ìlú Auxerre ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1768. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 11, ó ti di aláìníyàá, aláìníbaba. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní ìlú náà ló ti kọ́ ìṣirò, ìṣirò sì wọ̀ ọ́ lára. Ní 1794, nígbà rúkèrúdò ilẹ̀ Faransé, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ìgbà tí Robespierre ṣubú ló tó bọ́. Ní 1798 ó bá Napoleon lọ sí Íjíbítì. Nígbà tó padà dé, Napoleon fi í ṣe alákòóso agbègbè Isère, ó sì ń gbé ní Grenoble.

Láàárín iṣẹ́ ìjọba yìí ló ti ń wádìí bí ooru ṣe ń rìn nínú irin. Ní 1807 ó kọ àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sí Paris. Ó ní kò sí bí ìrísí ìgbì ṣe lè rí tí a kò lè fi àkójọ sine kọ́ ọ. Lagrange, tó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ rí, kò gbà. Báwo ni ohun tó ń dán tó ń yọ̀ ṣe lè para pọ̀ di igun? Fourier tún un kọ fún ìdíje ọdún 1811. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì kún tó. Ó tó 1822 kí ìwé rẹ̀ lórí ooru tó jáde, ọdún 15 lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́.

Ká má parọ́, àwọn àgbà náà rí nǹkan kan. Ọdún 1829 ni Dirichlet, ará Jámánì, tó fi ẹ̀rí tó dájú hàn nípa irú ìrísí tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Fourier kú ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1830.

Níbi tí mo ka ìtàn náà dé ni ojú mi ti là. Ìgbì mi ń yí ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gẹ́gẹ́ bí Fourier ti wí, sine tó ń yí ní 1,000 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti 3,000 tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ti 5,000 tó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Sine tí mo ń wá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí n sẹ́ àwọn yòókù kúrò ló kù.

Asẹ́ mi kan ṣoṣo, 1.5 kΩ pẹ̀lú 0.1 µF, kàn dín ti 3,000 kù láti ìdá 33 nínú 100 sí nǹkan bí 15 ni. Mo fi méjì sí i: 15 kΩ pẹ̀lú 0.01 µF, àti 150 kΩ pẹ̀lú 1 nF. Mo jẹ́ kí rẹ̀sísítọ̀ máa pọ̀ sí i kí asẹ́ tó wà lẹ́yìn má bàa fa agbára tó wà níwájú. Ti 3,000 wá kù sí bí ìdá 3 nínú 100. Gíga ìgbì náà kò tó ìdajì mọ́, ni mo bá fi amplifier gbé e sókè. Lẹ́bẹ́ ẹja parẹ́, sine jáde, mo sì fi iṣẹ́ hàn lọ́jọ́ tó yẹ.

Ẹ̀yin àbúrò tí iṣẹ́ yìí máa kàn lọ́dún yìí, ẹ má wulẹ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀sísítọ̀ kiri bíi tèmi. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tó wà nínú ìgbì yín sílẹ̀, kí ẹ tó mú asẹ́.