Hilde Mangold: Iná sítóòfù pa á kó tó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀

Ọdún 25 péré ni Hilde Mangold lò láyé. Sítóòfù ló gbiná mọ́ ọn lára nínú ilé ìdáná, níbi tó ti ń gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kaná, ó sì kú ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1924. Ọmọ ọ̀hún kò tíì pé ọdún kan.

Ìlú Gotha, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 1898. Hilde Proescholdt ló ń jẹ́ nígbà náà. Ó kàwé ní Jena, ó tún dé Frankfurt, níbẹ̀ ló sì ti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hans Spemann. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó tọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà lọ sí Freiburg lọ́dún 1920. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Otto Mangold, igbákejì Spemann lẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè kan ló ń da Spemann láàmú. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí, máa ń jọra nígbà tí ọlẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ló wá ń mú kí apá kan lára àwọn tó wà lóde di awọ ara, kí apá kejì di ọpọlọ?

Hilde ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Nyútì ló lò, ẹranko kékeré inú omi tó jọ alángbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ ni nyútì ń yé ẹyin, nítorí náà, ní 1921 àti 1922, Hilde jókòó ti ọlẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí pínnì lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ onígíláàsì àti irun orí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe okùn. Ó gé bíńtín lára ọlẹ̀ nyútì aláwọ̀ funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó yẹ kó di awọ ikùn lára ọlẹ̀ nyútì dúdú. Púpọ̀ nínú wọn kú. Lára ìwọ̀nba tó yè, ọlẹ̀ kejì hù síbẹ̀, bí ìbejì tó lẹ̀ mọ́ra. Àwọ̀ wọn ló tú àṣírí: sẹ́ẹ̀lì nyútì dúdú, tí ì bá di awọ, ló pọ̀ jù nínú ọpọlọ tuntun náà. Àlejò tí wọ́n gbé wá ló pàrokò sí wọn.

Láti ọdún 1990 síwájú ni àwọn onímọ̀ tó tú àrokò náà. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní BMP ló ń kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á gba iṣẹ́ tó jẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé inú lọ́hùn-ún, sẹ́ẹ̀lì á sì di awọ. Irú ẹran tí Hilde gé máa ń tú noggin àti chordin jáde, àwọn wọ̀nyí á dènà BMP lọ́nà. Sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ náà kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á di ọpọlọ. Lára àgbàlagbà pàápàá, irú àrokò bẹ́ẹ̀, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Notch, ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ awọ gòkè, kó sì yi.

Òótọ́ ni pé Spemann ló gbèrò ìwádìí náà, àmọ́ ọwọ́ Hilde ló ṣe é, òun ló sì fi gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1923. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé náà máa jáde ní 1924, orúkọ Spemann ló ṣáájú, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mìíràn dá orúkọ tiwọn nìkan kọ sórí ìwé wọn. Inú Hilde kò dùn sí i. Lọ́dún 1935, Spemann nìkan ló gba ẹ̀bùn Nobel; Hilde ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kaná fún lọ́jọ́ náà kú sínú Ogun Àgbáyé Kejì.