Ọjọ́ Tí Àjàyí Crowther Papò Dà

Bí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá bá pé, ìpalẹ̀mọ́ ọdún tuntun ni tẹrú tọmọ ń ṣe. Àwọn ẹlòmíràn a rántí pé ọjọ́ náà ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Shehu Shagari ní 1983. Ní tèmi, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí, nítorí ọjọ́ yìí kan náà ni ó kú ní Èkó ní 1891.

Ọmọ Òṣóògùn ni. Ogun kó o ní 1821, wọ́n sì tà á fún àwọn Potogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kí ó tó tún fojú kan ìyá tí ó bí i lọ́mọ. Ẹ wo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n!

Oyè bíṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ ní 1864 ni ọ̀pọ̀ ń pariwo. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní ìdí mìíràn láti bu ọlá fún un: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1843, àti Bíbélì tí òun àti àwọn bíi Thomas King jọ túmọ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó ajíhìnrere dé sí agbègbè Odò Ọya, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí ó kú, Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.