Ògúnǹdé, Ewé àti Igbó

Bí ẹ bá ti bá àwọn ará Onitsha yìí jókòó wo fíìmù Yorùbá rí, ẹ ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kí bàbá arúgbó kan nínú eré ṣáà ti na ọwọ́ já ewé, ẹ̀rín á ti sọ. Wọn á ní àwọn Yorùbá tún ti gbé juju wọn dé. Etí Odò Ọya níhìn-ín ni wọ́n bí èmi sí, láti kékeré ni mo sì ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú máa ń tì mí, n ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà bi mí léèrè ohun tí n kò mọ̀. Ìgbà tí mo wá mọ ìtàn ìgbésí ayé Hubert Ògúnǹdé ni mo tó rí i pé ewé tí à ń fi ṣẹ̀fẹ̀ yìí ní ibi tí ó ti wá.

Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1916. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, Jeremiah Dehinbo Ògúnǹdé. Babaláwo sì ni bàbá tí ó bí ìyá rẹ̀. Ògúnǹdé gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà yìí fún ìgbà díẹ̀ ní kékeré. Nítorí náà, bí ó ti ń gbọ́ orin ìjọ ní ilé kan, ni ó ń rí ewé àti ọpọ́n Ifá ní ilé kejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ìdí tí ọmọ oníwàásù fi mọ babaláwo í ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù.

Ó lọ sí ilé ìwé ní Òsósà, ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe tíṣà láti 1933, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí ló gbé e dé Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí ó ti darapọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà kan. Ìjọ náà ń wá owó láti fi kọ́lé, wọ́n sì ní kí ó bá wọn ṣe eré. Eré náà ni The Garden of Eden and the Throne of God, tí wọ́n ṣe ní Glover Memorial Hall, l'Ékòó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944. Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé igi kan àti èso rẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà inú ọgbà Édẹ́nì sílẹ̀? Orí igi ni Ògúnǹdé ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sí i. Láàárín àwọn eré àtijọ́ rẹ̀, ó tún ní èyí tí ó pè ní The Black Forest, ìyẹn igbó dúdú.

Eré náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Ní àkókò yẹn, kì í ṣe igbó nìkan ló ń rò. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti ọdún 1945, ó gbé Strike and Hunger jáde, wọ́n sì fòfin dè é ní Jos. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn òṣìṣẹ́ awakùsà èédú 21 ní Iva Valley ní Enugu. Ìjẹ̀bú ni Ògúnǹdé, àwọn tí ó kú sì jẹ́ ará ìlà-oòrùn níhìn-ín, síbẹ̀ ó fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe eré ní 1950, ó pè é ní Bread and Bullet. Wọ́n tún fòfin de èyí ní Kano. Mo máa ń rán àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Igbo létí èyí nígbà tí wọ́n bá ń fi juju bú mi. Ní 1964 ni ìjọba ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gba ìjọba, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ìyàwó púpọ̀ ni ó fẹ́, òṣèré sì ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1970, ọ̀kan tí ó lókìkí jù nínú wọn, Adéṣẹ̀wà, tí a ń pè ní Mama Èkó, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré. Ògúnǹdé kò dá iṣẹ́ dúró. Ní 1972 ó gbé Ayé sórí ìtàgé, eré yìí náà ló sì di fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1979. Ọlá Balógun ló bá a darí rẹ̀. Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Nínú Ayé, Ògúnǹdé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá, babaláwo tí ó dúró láàárín ìlú àti àwọn àjẹ́ tí ń dà á láàmú. Orúkọ odù Ifá ni orúkọ náà, kì í ṣe orúkọ tí ó ṣàdédé rí. Orí ìtàgé kò gba igbó. Inú fíìmù ni igbó ti lè di igbó, kí òru sì di òru. Ọ̀tá inú fíìmù yìí kì í ṣe ẹni tí à ń rí lójú, nítorí náà ìbọn kò lè pa á. Kí ni ẹni tí ó fẹ́ gba ìlú là yóò wá dì mú? Ewé ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Fíìmù òyìnbó náà mọ èyí. Nínú The Wizard of Oz ti ọdún 1939, oko òdòdó ló kun Dorothy lóorun lójú ọ̀nà, igi á sì máa sọ èso lu ènìyàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti òyìnbó jẹ́ àlá lásán. Ti Ògúnǹdé, ewé tí ìyá àgbà wa ń fi ṣe àgbo ni.

Ewé kì í sì í dá ṣiṣẹ́. Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo tí ó ń jẹ́ Fátúmbí, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1995 lórí ewé ilẹ̀ Yorùbá. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ohùn orúkọ ewé máa ń bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí inú ọfọ̀ dọ́gba. Ẹni tí kò gbọ́ èdè á rí bàbá tí ń já koríko. Ẹni tí ó gbọ́ èdè á rí bàbá tí ń pe ohun kan ní orúkọ rẹ̀ kí ó lè dìde ṣiṣẹ́. Èmi tí mo dàgbà síbí, ẹni àkọ́kọ́ ni mo jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí ń fi wá rẹ́rìn-ín kò ṣàì ní ewé tiwọn. Akòko tí à ń fi jẹ oyè nílé, òun náà ni ogirisi tí wọ́n ń gbìn sí ojúbọ àti ààlà ilẹ̀ ní Anambra yìí. Ìrókò ni wọ́n ń pè ní ọjị. Màrìwò ni ọmụ. Bí wọ́n bá so ọmụ mọ́ ọ̀nà nínú fíìmù Igbo, kò sí ẹni tí a óò ṣàlàyé fún pé kí ó má kọjá. Màrìwò ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an nínú fíìmù Yorùbá. Mo bi ìyá kan tí ń ta ewébẹ̀ ní ọjà Ochanja léèrè ogirisi, àlàyé tí ó ṣe fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má parí. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

N kò ní bo àṣìṣe Ògúnǹdé mọ́lẹ̀. Obìnrin ni púpọ̀ àwọn àjẹ́ inú fíìmù rẹ̀, ọkùnrin sì ni olùgbàlà. Àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ wa bínú sí èyí nígbà tí a jọ ń sọ ọ́, ẹjọ́ wọn sì jàre. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e sì mú ìbẹ̀rù inú fíìmù rẹ̀, wọ́n fi ìmọ̀ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù lónìí, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ewé tí òṣèré ń gbọ̀n káàkiri.

Owó ni kò jẹ́ kí irú iṣẹ́ Ògúnǹdé pẹ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ohun èlò fíìmù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, agbára kò gbé e mọ́, gbogbo wọn bá sá sínú fídíò. Kenneth Nnebue, oníṣòwò tí ó gbé Living in Bondage jáde ní èdè Igbo ní 1992, ti kọ́kọ́ fi owó ṣe fídíò Yorùbá kí ó tó ṣe ti èdè tirẹ̀. Láìpẹ́, Iweka Road tiwa níhìn-ín di ọjà kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀.

Ògúnǹdé kò rí èyí. Iṣẹ́ fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn ni Mister Johnson, tí àwọn òyìnbó wá yà ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí ó ti ṣe Brimah. Àìsàn mú un, wọ́n gbé e lọ sí London, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990, kí fíìmù náà tó jáde. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Òsósà, ìlú tí bàbá àgbà rẹ̀ ti ń já ewé, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.