Joseph Paxton

Sir Joseph Paxton (ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1803 – ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1865) jẹ́ olùtọ́jú ọgbà, ayàwòrán ilé àti aṣòfin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Crystal Palace, ilé gíláàsì tí ó yàwòrán rẹ̀ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ọdún 1851 ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ṣùgbọ́n ọgbà ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ilé gíláàsì, níbi tí ó ti ń wá ọ̀nà tí igi igbó kìjikìji yóò fi yè ní ilẹ̀ òtútù.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ìdílé àgbẹ̀ ni a bí i sí ní Milton Bryan, ní agbègbè Bedfordshire. Òun ni ọmọkùnrin keje. Nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ọgbà ní Chiswick ní ọdún 1823, ọdún 1801 ni ó kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún ìbí rẹ̀, ó fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Dúúkì kẹfà ti Devonshire ti rí i, tí ó sì fi í ṣe olórí ọgbà rẹ̀ ní Chatsworth ní ọdún 1826, nígbà tí Paxton jẹ́ ẹni ọdún 22. Ní ọdún 1827 ó gbé Sarah Bown níyàwó. Sarah ni ó ń bójú tó ọgbà àti ìṣirò owó nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá rin ìrìn àjò.

Great Stove

Láàárín ọdún 1836 sí 1840 ni Paxton kọ́ ilé tí wọ́n ń pè ní Great Stove, Decimus Burton sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni a yá di sítóòfù tí a fi ń dáná. Nígbà náà, ilé gíláàsì tí a ń fi iná mú gbóná fún igi ilẹ̀ olóoru ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 277, ìbú rẹ̀ 123, gíga rẹ̀ 67. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọbabìnrin Victoria gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún 1843.

Ooru nìkan kò tó irú igi bẹ́ẹ̀. Èéfín gbígbóná tí wọ́n ń darí gba inú ògiri láyé àtijọ́ a máa gbẹ afẹ́fẹ́, a sì máa jó ewé. Omi gbígbóná ni Paxton lò: ìkòkò ńlá mẹ́jọ ni ó ń gbé e gba inú ọ̀pá irin tí gígùn rẹ̀ tó máìlì méje. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé èédú gbà, kí àlejò má baà rí i. Ó ṣẹ́ òrùlé ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ lè wọlé tààrà, kí ti ọ̀sán má sì pa igi lára.

Igi Amherstia

Igi tí Dúúkì fẹ́ jù lọ ni Amherstia nobilis, igi ilẹ̀ Bọ́mà tí òdòdó pupa rẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí àtùpà tí a so kọ́. Ìdílé kan náà ni òun àti igi apá tiwa. Ní ọdún 1835 wọ́n rán John Gibson, olùtọ́jú ọgbà kan ní Chatsworth, lọ sí Íńdíà. Ó gbé e dé ní ọdún 1837. Ìrìn àjò mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1838, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n rán lọ wá irúgbìn ní Amẹ́ríkà kú sínú odò Columbia.

Amherstia yè ní Chatsworth, ṣùgbọ́n kò tanná níbẹ̀. Ọgbà Louisa Lawrence ní Ealing ni ó ti kọ́kọ́ tanná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1849. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, òṣíbàtà ńlá odò Amásónì tanná fún Paxton kí ti ọgbà Kew tó tan.

Ìgbẹ̀yìn

Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá ní ọdún 1851. Láti ọdún 1854 títí ó fi kú, ó ṣojú Coventry ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó fi iṣẹ́ Chatsworth sílẹ̀ ní ọdún 1858 lẹ́yìn ikú Dúúkì, ṣùgbọ́n Edensor, nítòsí ọgbà náà, ni wọ́n sin ín sí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, èédú kò sí mọ́ láti fi dáná Great Stove, òtútù sì pa àwọn igi inú rẹ̀. Wọ́n fi àdó olóró wó ilé náà ní ọdún 1920.